Dunton Hot Springs ní Colorado: kí ló yẹ ká mọ̀ ká tó mú àwọn àgbà lọ?

Ọmọ Ìlá, Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwọn òbí wa fẹ́ pé ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, ibi tí àwa ọmọ sì fi ojú sí ni Dunton Hot Springs, ìlú awakùsà àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe di ibi ìsinmi olówó ńlá lórí òkè ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Colorado. Èèyàn mẹ́fà ni wá: bàbá (74, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru), màmá (68), èmi àti ọkọ mi, ọmọ méjì (13 àti 9). Fẹ́búárì tàbí Sẹ̀tẹ́ńbà la ń rò. Ewo ló dáa nínú méjèèjì? Ọ̀nà wo la máa gbà? Ṣé omi gbígbóná yẹn ò ní da bàbá láàmú? Fọ́tò ìgbádùn kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, àlàyé ni mò ń wá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Denver
Ẹ kú ìmúra o, àbúrò. Kí ẹ tó wo iye tikẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ bi gbogbo ẹni tó ń lọ léèrè jẹ́nótáìpù rẹ̀. Tí ìgbéyàwó bá délẹ̀, àwa Yorùbá kì í gbàgbé ìbéèrè yìí. Tí a bá ń lọ sórí òkè, kò sẹ́ni tó ń rántí ẹ̀.

Dunton ga tó 8,600 ẹsẹ̀ bàtà, bíi 2,600 mítà sókè ìpele òkun. Òkè Ìdánrè tí èémí ti ń gé èèyàn lórí àtẹ̀gùn, bíi 900 mítà ni. Houston ní tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Ọ́síjìn tí ẹ máa rí fà símú ní Dunton ò pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí ẹ ń fà nílé, bó ti wù kí owó tí ẹ san pọ̀ tó.

Tí ẹni kan bá jẹ́ SS, mi ò ní sọ pé kó lọ. Àìtó ọ́síjìn, òtútù, kí omi má tó nínú ara: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tẹ̀ bíi dòjé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà lókè níbẹ̀. SC náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tiẹ̀ fúyẹ́. Dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kó sọ̀rọ̀ kí owó tó jáde.

AS ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú fò dá. Ní Nàìjíríà, bí ẹni kan nínú mẹ́rin ni AS, a sì ti gbà pé AS kì í ṣe àìsàn. Ní ilẹ̀ tó rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Lókè, ẹ̀jẹ̀ lè há sínú ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní spleen, èyí tó wà lábẹ́ ìhà òsì, kó sì bà á jẹ́. Ryan Clark, tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí fún ẹgbẹ́ Steelers, AS ni. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Denver lọ́dún 2007, Denver yìí ò sì ju 1,600 mítà lọ. Wọ́n yọ spleen rẹ̀, wọ́n yọ àpò òróòro rẹ̀ náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀ tún máa gbá bọ́ọ̀lù ní Denver ní Jánúárì 2012, kóòṣì ní kò gbọdọ̀ wọ pápá.

Mi ò fi èyí dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ AS ló ń lọ tó ń bọ̀ láìsí nǹkan kan. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ mọ àmì ẹ̀: ìrora líle lábẹ́ ìhà òsì, ó lè gun èjìká òsì, ó lè mú èébì tàbí ibà dání. Ẹ má pè é ní afẹ́fẹ́ inú, ẹ má fún un ní Andrews kí ẹ ní kó lọ sùn. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ tó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín níbẹ̀ ni pé AS ni. Dókítà tí kì í sábà rí èèyàn dúdú lè má rò ó rárá.

Ẹni tó jẹ́ AA náà ò bọ́. Orí fífọ́, èébì, àìrí oorun sùn, oúnjẹ tí ò wọ ọ̀fun, gbogbo ìyẹn lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ kan. Ohun tó ń gba èèyàn ni kó má fò gòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ sun òru méjì ní Cortez tàbí Durango, tí wọ́n wà ní nǹkan bíi 1,900 sí 2,000 mítà, kí ẹ tó gòkè. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lókè, kò sí ọtí, kò sí ìrìn gígùn. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ acetazolamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Diamox. Miligíráàmù 125 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni àgbàlagbà sábà máa ń lò, láti ọjọ́ tó ṣáájú ìgòkè. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ o, pàápàá fún bàbá: tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn bá jẹ́ irú tó ń lé ìtọ̀ jáde, méjèèjì lè jọ fa èròjà potásíọ́ọ̀mù nínú ara wọn lọ sílẹ̀. Ẹni tí oògùn sọ́fà bá ń yún lára náà gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Diamox máa ń mú kí orí ìka ṣe wírí-wírí, kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbádùn kóòkì mọ́. Ìyẹn kì í ṣe ewu.

Tí ẹnikẹ́ni bá jókòó jẹ́ẹ́ tí èémí ẹ̀ ṣì ń gé, tó ń wúkọ́, tàbí tó ń rìn bí ọ̀mùtí láìmu ọtí, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Onídìrí, Atlanta
Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka láti fi wo ọ́síjìn ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń ní kí a rà á.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Denver
Ẹ lè rà á, ẹ má kàn fi í ṣe onídàájọ́. Ẹ̀rọ yẹn máa ń fi kún iye tó bá rí lára awọ dúdú. Iléeṣẹ́ FDA Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ẹ̀ lọ́dún 2021. Lókè ibẹ̀, 90 sí 94 ò jẹ́ tuntun fún ẹni tí ara ẹ̀ le. Àmọ́ tó bá ń kọ 92, tí ètè bàbá ń dúdú sí i, tí wọn ò lè parí gbólóhùn kan láìsinmi, ara bàbá ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Kí wọ́n má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dúró o. Ẹ̀jẹ̀ máa ń ru sí i ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ lórí òkè, ẹ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn nílé dání.

Arìnrìnàjò Ìjẹ̀bú, London
Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ibẹ̀ sí i ní ṣókí, torí ó máa jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń san owó fún. Àwọn ará Ute, àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ àgbègbè náà, ló kọ́kọ́ mọ omi gbígbóná yẹn. Àwọn awakùsà dé sí ẹ̀bá odò West Fork Dolores ní nǹkan bíi 1885, wọ́n ń wá wúrà àti fàdákà. Nígbà tí ìlú náà kún jù lọ, ní nǹkan bíi 1905, ara ibẹ̀ ò ju ọ̀ọ́dúnrún lọ. Nígbà tó fi máa di 1918, ó ti dahoro. Ará Jámánì kan, Christoph Henkel, rà á lọ́dún 1994, ọdún méje ni wọ́n sì fi tún un ṣe kó tó gba àlejò ní 2001. Ilé onígi ìgbà náà ni yàrá àlejò: ìta rẹ̀ rí wúruwùru bó ṣe wà, inú rẹ̀ ló kún fún ìgbádùn. Ilé ọtí àtijọ́ ni wọ́n ti ń jẹun, lórí tábìlì gígùn kan tí gbogbo àlejò jọ ń jókòó sí. Wọ́n ní orúkọ Butch Cassidy wà lára pákó ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí, olè tó ja báńkì Telluride lólè ní Júùnù 1889. Bóyá òun gan-an ló kọ ọ́ àbí ọ̀mùtí kan ló kọ ọ́ fún un, ẹ̀yin ẹ lọ wò ó.

Iye owó kọjá ẹgbẹ̀rún dọ́là lálẹ́ kan fún yàrá, oúnjẹ sì wà nínú ẹ̀. Kí ẹ tó san, ẹ gba ìdáhùn lórí íméèlì, kì í ṣe lórí fóònù: ṣé owó orí àti owó àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú iye yẹn? Ṣé ọtí wà níbẹ̀? Ṣé ẹṣin gígùn àti ẹja pípa wà níbẹ̀, àbí owó ọ̀tọ̀ ni? Tí ará ẹni kan ò bá yá, ọjọ́ wo ni owó ò ní padà mọ́? Fún bàbá, ẹ bèèrè ilé tó sún mọ́ ilé oúnjẹ. Èyí tó ń jẹ́ Well House ní omi gbígbóná tiẹ̀ nínú ilé, kò ní jẹ́ kí àgbàlagbà máa rìn nínú òtútù lóru nítorí ìwẹ̀. Ó máa ń tètè lọ. Àgọ́ tí wọ́n ń pè ní Dunton River Camp, tó wà nísàlẹ̀ odò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Ẹ má gbà á sílẹ̀ ní èrò pé ó ti wà nínú ìlú náà gan-an.

Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó kọ ọ́ pé àwọn máa san owó bàálù agbérapá tó ń gbé aláìsàn. Owó ìyẹn nìkan lè ju owó ìsinmi lọ.

Dẹ́rẹ́bà Colorado, Aurora
Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló kàn mí. Ẹ má wa mọ́tò láti Denver, wákàtí méje ó kéré tán, ẹ ó sì kọjá lórí òkè tó ga ju Dunton fúnra ẹ̀ lọ.

Pápá ọkọ̀ òfuurufú mẹ́rin ló wà nítòsí. Telluride ló dà bí èyí tó súnmọ́ jù, orí òkè pẹrẹsẹ tó lé ní 9,000 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, atẹ́gùn àti yìnyín sì ń fagi lé ọkọ̀ ibẹ̀ ṣáá. Mi ò ní fi ayẹyẹ lé e lọ́wọ́. Montrose tóbi, lásìkò òtútù ọkọ̀ ń lọ síbẹ̀ tààrà láti Houston, Dallas àti Atlanta. Cortez súnmọ́, wákàtí kan àtààbọ̀ péré sí Dunton, ọkọ̀ kékeré láti Denver ló ń lọ síbẹ̀. Durango ni mo fara mọ́ fún yín, ẹ ó yí ọkọ̀ ní Dallas tàbí Denver.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Tí ẹ bá tẹ Dunton sínú máàpù láti Telluride, ó lè júwe ọ̀nà òkè fún yín, Forest Road 535, tó yà kúrò lójú ọ̀nà 145 kí ẹ tó dé Rico. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà olókùúta ni, ó sì rẹwà. Lásìkò òtútù wọn kì í wa yìnyín kúrò níbẹ̀, ó sì lè wà ní dídí títí di òpin Méè tàbí Júùnù. Máàpù ò mọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e ní Fẹ́búárì máa bá ògiri yìnyín pàdé, kò sì ní rí ibi tó ti máa yí mọ́tò padà. Ní òtútù, ẹ bá 145 lọ títí kọjá Rico, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé West Fork Road nítòsí Stoner, kí ẹ wá gba ibẹ̀ padà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, bíi máìlì ogún ó lé díẹ̀. Ọ̀dà máa parí lójú ọ̀nà yẹn, ó di òkúta wẹ́wẹ́. Láti Montrose, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́ta.

Láti Durango: ẹ gba 160 lọ sí Mancos, ẹ yà sí 184 dé Dolores, ẹ gba 145 bíi máìlì mẹ́tàlá, West Fork Road wà lọ́wọ́ òsì. Bí máàpù bá ní kí ẹ gba 550 láti Durango lọ sí Silverton àti Ouray torí pé "ó rẹwà", ẹ má dá a lóhùn tí ẹ bá gbé àgbà dání. Òkè Red Mountain Pass lé ní 11,000 ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kò ní irin ìdènà létí ọ̀gbun.

Ọmọ Ìlá, Houston
Ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé tí a bá háyà jíìpù 4WD, Fẹ́búárì ò ní le jù?

Dẹ́rẹ́bà Colorado, Aurora
Kì í ṣe 4WD ló ń dá mọ́tò dúró lórí yìnyín, táyà ni. 4WD máa jẹ́ kí ẹ lè gbéra, kò ní jẹ́ kí ẹ lè dúró. Níbi tí wọ́n ti ń gbé mọ́tò fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà: ẹ wá àwòrán òkè mẹ́ta tí yìnyín wà láàárín rẹ̀. Tó bá jẹ́ M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) nìkan ló wà níbẹ̀, òfin gbà á, àmọ́ kò dáa tó. Jíjìn ojú táyà gbọ́dọ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rìndínlógún íńṣì, bíi mílímítà márùn-ún. Tí kò bá tó, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ mọ́tò kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ ka ìwé náà pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ilé tó ń háyà mọ́tò ló kọ ọ́ pé ẹ ò gbọdọ̀ gbé e gba ojú ọ̀nà tí kò lọ́dà, ọ̀nà Dunton sì wà lára irú ẹ̀. Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ sọ fún òtẹ́ẹ̀lì pé kí wọ́n rán mọ́tò wá gbé yín.

Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé jíà sílẹ̀, ẹ má tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á gbóná, kò sì ní mú mọ́. Ẹ má rìn nírọ̀lẹ́: àgbọ̀nrín ńlá ibẹ̀, elk, tóbi bíi ẹṣin, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọlù ú ni kò rí i kó tó dé iwájú gíláàsì. Kí ẹ tó jáde, ẹ wo COtrip, ojú òpó ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń sọ ọ̀nà tó ṣí àti èyí tó tì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Denver
Omi gbígbóná wàyí. Ẹni tó ti dé Ìkògòsì mọ bí omi ṣe ń lọ́wọ́ọ́wọ́ láti inú ilẹ̀, àmọ́ ní Dunton, ibi ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe gbóná tó: láti nǹkan bíi 29 dé 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ bi òṣìṣẹ́ léèrè èwo ló tutù díẹ̀, ibẹ̀ ni bàbá ti máa wẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi gbígbóná ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀, oògùn wọn náà ń ṣí i, òkè sì ti jẹ́ kí omi ara dínkù. Ìgbà tí wọ́n bá dìde fùú láti jáde ni òòyì ń kọ́ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí etí ibi ìwẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì, kí ẹnì kan di ọwọ́ wọn mú, nítorí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀. Kò sí ọtí kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Aboyún kó yẹra fún èyí tó bá ju 38 lọ.

Àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ ri orí bọ omi yẹn, kí omi má wọ imú wọn. Kòkòrò kan tí kò ṣeé fojú rí ń gbé nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti inú ilẹ̀, imú ló ń gbà dé ọpọlọ. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń là á já.

Onídìrí, Atlanta
Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ orí àti ara kún un, torí àwọn tó ń kọ nípa ibẹ̀ kì í ní irun wa. Omi Dunton kún fún irin àti manganese, ìdí nìyẹn tí etí ibi ìwẹ̀ fi pọ́n bí ìpẹtà. Aṣọ ìwẹ̀ funfun tàbí ti àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ máa gba àbàwọ́n tí ọṣẹ kò lè bọ́. Ẹ wọ dúdú. Ẹ yọ góòlù àfikùn sílẹ̀ nílé. Irun funfun àwọn àgbà náà lè pọ́n díẹ̀, kí màmá fi fìlà ìwẹ̀ dé e.

Átáṣímẹ́ǹtì máa ń fa omi mu, kì í sì tètè gbẹ. Ní Fẹ́búárì, tí ẹ bá jáde nínú omi gbígbóná pẹ̀lú irun títútù, yìnyín máa dì sára rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, á wúwo, á sì máa fa irun iwájú orí. Kí àwọn ọmọbìnrin di irun wẹ́wẹ́ láìfi nǹkan kún un, tàbí kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sókè pátápátá. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ bí ìgbà ọyẹ́. Òrí lẹ máa fi pa ara lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ pa á nígbà tí ara ṣì tutù díẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀. Á le bí òkúta nínú báàgì, ẹ máa fi sí àpò àyà kí ẹ tó lò ó. Oòrùn orí òkè ń jó awọ dúdú náà, pàápàá tó bá ta padà láti ara yìnyín: gíláàsì dúdú fún gbogbo yín, àtàwọn ọmọ.

Aṣọ ẹbí? Ó dáa fún fọ́tò àti oúnjẹ alẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rán an fẹ̀ díẹ̀, kí aṣọ wúùlù lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má wọ òwú sí ara gan-an, tó bá ti fa òógùn ó ń tutù lára.

Ìyá Olóúnjẹ, Dallas
Ní Dunton wọ́n á sè é fún yín. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìdáná ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú nípa ohun tí bàbá kì í jẹ, kí ẹ sì gbé ata gígún tiyín dání torí ata wọn kì í ta. Ẹ̀yin tí ẹ bá gba ilé sílẹ̀ ní Telluride ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀ lọ̀rọ̀ mi kàn.

Omi ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 91, kì í ṣe 100. Ó ń hó lóòótọ́, kò kàn gbóná tó. Ẹ̀wà lè wà lórí iná láti ọ̀sán di alẹ́ kó ṣì le. Pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù ni ẹ máa lò, ẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún àkókò rẹ̀: ẹ̀wà tó ń jinná ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní Dallas, ẹ fún un ní ogójì. Jọ̀lọ́ọ̀fù náà ń dani láàmú, ìdí rẹ̀ á jó kí òkè rẹ̀ tó rọ̀, nítorí omi ń gbẹ kíá. Ẹ fi omi ọ̀bẹ̀ kún un díẹ̀, ẹ fi fọ́ìlì bo ojú rẹ̀ kí ẹ tó dé e, ẹ jẹ́ kí iná rẹlẹ̀ pátápátá.

Pọ́fù-pọ́fù: ìyẹ̀fun á wú kíákíá, á sì tún wọlẹ̀. Ẹ dín yíìsì kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí òróró tutù ju ti ilé lọ díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìta á pupa tán, inú á ṣì jẹ́ ìyẹ̀fun tútù. Àmàlà ò níṣòro. Ṣinṣín inú ọ̀rá á wú bíi bàlúùnù kí ẹ tó dé òkè, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un lójú kan, kó má bàa bẹ́ sínú báàgì.

Ẹ̀ńjíníà Kùsà, Golden
Níbi tó ti jẹ́ ìlú awakùsà, àwọn ọmọ 9 àti 13 máa rí ihò. Kò gbọdọ̀ sí "ẹ jẹ́ ká yọjú wò ó." Igi tó gbé òrùlé ihò náà dúró ti jẹrà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ọ̀gbun tó lọ sísàlẹ̀ tààrà lè wà nínú òkùnkùn ibẹ̀ tí pákó jíjẹrà bò. Afẹ́fẹ́ tí kò lọ́síjìn ń dúró sínú ihò láìní òórùn, orúnkún èèyàn á kàn yẹ̀ ni, ẹni tó wọlé lọ gbà á là náà á sì ṣubú lé e.

Ẹ má mu omi odò kankan ní àgbègbè yẹn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ àti omi bá kan òkúta tó ní sọ́fọ̀ nínú, ó ń di ásíìdì, ásíìdì náà á wá yọ́ òjé, sínkì àti cadmium sínú omi. Ẹ sè é, ẹ sẹ́ ẹ, òjé ò ní jáde. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 2015, omi inú ihò Gold King lókè Silverton tú jáde, mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù mẹ́ta, odò Animas sì pọ́n bí ọsàn títí kọjá Durango. Ẹni tó ti rí bí àwọn awakùsà wúrà lágbègbè Iléṣà ṣe sọ omi Ọ̀ṣun di aláwọ̀ ẹrẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ má ṣì í mú o: pípọ́n tó wà létí ibi ìwẹ̀ Dunton, irin tó wà nínú omi gbígbóná láti ìpilẹ̀ ló fà á, kì í ṣe ti ihò.

Ohun kan tó kù: àwọn ọmọ máa fẹ́ kó òkúta tó ń dán wálé láti ibi òkìtì tí àwọn awakùsà dà sílẹ̀. Ẹ má gbà. Eruku òjé wà lára rẹ̀, eruku òjé yìí náà ló pa àwọn ọmọdé tó lé ní irínwó ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé. Òkúta kan lórí tábìlì ò ní ṣe báyẹn, àmọ́ ọmọ máa ń fi ọwọ́ sẹ́nu.

Ọmọ Ìlá, Houston
Ẹ ṣeun gbogbo yín, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́. A ti bèèrè: AS ni bàbá, AS ni èmi àti ọmọ kékeré, àwọn yòókù AA. Sẹ̀tẹ́ńbà la ti mú. Ètò wa rèé: ká balẹ̀ ní Durango ní Ọjọ́bọ̀, ká sun òru méjì ní Cortez, ká wo Mesa Verde, ọgbà ìjọba tí ilé àtijọ́ wà lára àpáta, lọ́jọ́ Ẹtì, ká gòkè lọ sí Dunton láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ká sọ̀ kalẹ̀ ní Ìṣẹ́gun fún ọkọ̀ aago kan ọ̀sán. Ṣé ó dáa?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Denver
Sẹ̀tẹ́ńbà dára ju Fẹ́búárì lọ fún AS mẹ́ta: òtútù kéré, ọ̀nà ṣí tí ẹ bá nílò àtisọ̀ kalẹ̀ lóru. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù náà ni ewé igi aspen máa ń pọ́n bíi wúrà. Ẹ mọ̀ pé orí òkè Mesa Verde náà ga, àwọn apá kan lé ní 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, kí ọjọ́ Ẹtì má jẹ́ ọjọ́ ìrìn tó gùn. Ní Cliff Palace, ọ̀kan lára àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀, àkàsọ̀ ni wọ́n ń gùn, kí bàbá dúró sí ibi ìwòran lókè. Omi líta mẹ́ta lójúmọ́ fún àgbàlagbà, àfi tí dókítà bàbá bá sọ iye mìíràn. Kí ọmọ má sáré ìdíje lókè. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn Cortez sórí bébà, òun ló súnmọ́ jù. Ibi ìtọ́jú wà ní Telluride, kì í ṣe ilé ìwòsàn tó ń gba èèyàn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Dẹ́rẹ́bà Colorado, Aurora
Ètò náà dáa, àyàfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Láti Dunton sí pápá ọkọ̀ Durango, ẹ fún un ní wákàtí méjì àtààbọ̀, ẹ tún ní mọ́tò láti dá padà. Ẹ gbéra ní aago mẹ́jọ, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Sẹ̀tẹ́ńbà ni àwọn ọdẹ máa ń wà nínú igbó ibẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rìn nínú igi kó wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn tó tàn. Nẹ́tíwọ̀kì fóònù ò sí ní West Fork, Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì nìkan lẹ máa rí, nítorí náà ẹ gba máàpù sílẹ̀ sórí fóònù ní Cortez. Ẹ kún epo ní Dolores. Lẹ́yìn ibẹ̀ kò sí ilé epo kankan títí dé Dunton, ẹ ó sì tún nílò epo náà fún àtisọ̀ kalẹ̀ padà.